Bọ́mọ yín bá ń lọ bọ́ọ̀dìn ní JSS1: bẹ́ẹ ṣe máa múra ẹ̀ sílẹ̀, àti bẹ́ẹ ṣe máa gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ẹ̀

Àpótí kọ́ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń kùnà. Àpótí máa ń pé, Milo wà níbẹ̀, gààrí wà níbẹ̀, bọ́kẹ́tì méjì, sálúbàtà méjì. Ọjọ́ fisítìn ni nǹkan ti ń bàjẹ́: wọ́n á bi ọmọ pé "Ṣé kò sí wàhálà?", ọmọ á ní "Kò sí ma", wọ́n á gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á wọ mọ́tò lọ sílé, ó sì lè jẹ́ pé látọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọmọ ti ń fọ aṣọ síníọ̀ mẹ́ta tí kì í sì í rí ẹran inú ọbẹ̀ ẹ̀ jẹ. Iṣẹ́ háòsì místírẹ́sì ni mò ń ṣe, inú họ́sítẹ́lì ni mò ń sùn, mo sì ń rí i ní gbogbo táàmù bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, mọ́kànlá ṣe ń rẹ́rìn-ín sí màmá ẹ̀ lójú tá á wá lọ sunkún lẹ́yìn páìpù. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe wà, ẹ má fo ìkankan.

Ohun tẹ́ẹ máa nílò

- Èsì genotype àti bílọ́ọ̀dù gúrúùpù láti lábù tó dájú, pẹ̀lú fọ́tòkọ́pì méjì.
- Ìwé kan tẹ́ẹ kọ àìsàn tó ti ṣọmọ rí sí, oògùn tó ń lò, bó ṣe ń lò ó, oúnjẹ tàbí oògùn tí kì í bá a lára mu.
- Nọ́ńbà fóònù méjì tọ́mọ mọ̀ sórí. Kì í ṣe èyí tẹ́ẹ kọ sẹ́yìn ìwé o, ìwé á sọnù.
- Orúkọ àti nọ́ńbà háòsì másítà tàbí místírẹ́sì, mátírọ́ọ̀nù, nọ́ọ̀sì, káńsẹ́lọ̀ àti váìsì píríǹsípà.
- Máákà tí omi ò lè fọ̀, àti àgádágodo méjì tó lágbára.
- Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa wọlé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé, ọjà nìkan láá ráyè rà.

Ìpele 1: Ẹ lọ fojú ara yín wo ibi tọ́mọ máa sùn

Ọ́fíìsì píríǹsípà máa ń dùn-ún wò, tàìsì wà nílẹ̀, fúláwà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sọ pé họ́sítẹ́lì lẹ fẹ́ rí. Tí wọ́n bá ní àwọn ò gba bàbá wọ họ́sítẹ́lì obìnrin, ìyẹn dáa, kí màmá wọlé. Tí wọ́n bá ní ẹnikẹ́ni ò lè wọlé rárá kódà nígbà táwọn ọmọ wà ní họlidé, ẹ béèrè ìdí, kẹ́ẹ sì ronú dáadáa kẹ́ẹ tó sanwó.

Omi ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ béèrè. Níbo ni wọ́n ti ń fà á, ṣé wọ́n ń fọ tánkì, ìgbà wo ni wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn, èwo ni mímu, èwo ni wíwẹ̀? Ní 2017, àìsàn inú bẹ́ sílẹ̀ ní Queen's College Yábàá l'Ékòó, ọmọ mẹ́ta ló kú, ọ̀rọ̀ omi súkúù náà ló sì gbẹnu gbogbo èèyàn kan nígbà yẹn. Súkúù ìjọba àpapọ̀ tó lórúkọ nìyẹn, tí àwọn òbí ń jà kọ́mọ wọn lè wọ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ súkúù mú yín dákẹ́ lórí omi.

Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ wo ilé ìyàgbẹ́, ẹ wo bóyá bọ́ńkì ti fún jọ jù, ẹ wo fèrèsé bóyá nẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ béèrè ẹni tó ń sùn nínú họ́sítẹ́lì gan-an lóru, àgbàlagbà o, kì í ṣe pírífẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì béèrè pé ta ló ń di kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mú lóru, torí fèrèsé onírin ló pọ̀ nínú àwọn họ́sítẹ́lì wa, tí iná bá ṣẹ́ yọ tí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ sì wà ní kọ́tà, ọ̀rọ̀ ti di ńlá nìyẹn.

*Bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti yanjú:* ẹ lè sọ orúkọ àgbàlagbà tó máa wà nítòsí ọmọ yín láago méjì òru. Tẹ́ẹ bá ní "àwọn tíṣà wà níbẹ̀", kò tíì yanjú.

Ìpele 2: Iṣẹ́ ara ẹ̀

Ọmọ tí háọ̀sì hẹ́ẹ̀pù ń wẹ̀ fún títí dé Pírámárì 6 máa jìyà, mi ò ní purọ́ fún yín. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ẹ jẹ́ kó máa jí láago márùn-ún, kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, kó fi bọ́kẹ́tì omi kan wẹ̀ kó ṣẹ́ kù, kó máa fọ yúnífọ́ọ̀mù àti pátá ẹ̀ fúnra ẹ̀ kó sì sá a, kó jẹun tán láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ọmọbìnrin tírun ẹ̀ gùn, tí súkúù ò bá ní ká gé e, ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa tú u. Àìmọ àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe ló ń mú kí síníọ̀ rójú ráyè fi ọmọ tuntun ṣe ẹrú, torí ọmọ tí ò mọ nǹkan kan ṣe máa wá ẹni tó máa bá a ṣe é, ẹni yẹn á sì gba owó iṣẹ́ ẹ̀ lọ́nà míì.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í ṣe: wọ́n á máa fi bọ́ọ̀dìn dẹ́rù bà á. "Tó o bá débẹ̀, wọ́n á kọ́ ẹ lẹ́kọ̀ọ́!" Tẹ́ẹ bá ti fi bọ́ọ̀dìn ṣe pàṣán, lọ́jọ́ tí wọ́n bá nà án níbẹ̀ láìtọ́, á rò pé ẹ̀yin lẹ rán wọn, kò sì ní sọ fún yín.

*Àyẹ̀wò:* láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé dé alẹ́ Sọ́ńdè, ẹ má bá a ṣe nǹkan kan, ẹ má rán an létí. Tó bá wọ Mọ́ńdè pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ àti ara tó mọ́, ó ti ṣe tán.

Ìpele 3: Àpótí

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ tẹ̀ lé líìsì tí súkúù fún yín. Ẹ kọ orúkọ sára gbogbo nǹkan, títí kan ṣíbí àti ìbọ̀sẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo kan lọ́rùn ọmọ, èkejì lọ́wọ́ mátírọ́ọ̀nù. Owó, ẹ kó o fún háòsì místírẹ́sì kẹ́ẹ sì gba ìwé ẹ̀.

Pírófíṣọ̀n ni mo fẹ́ kìlọ̀ lé lórí. Àwọn òbí tó bá ń fi ìfẹ́ hàn máa ń kó ẹrù bàǹbà wá, Cornflakes páálí, mílíìkì agolo-agolo kún Ghana-must-go. Gbogbo họ́sítẹ́lì ló ń wo àpótí yẹn bó ṣe ń wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni "síkúùlù mọ́dà" mẹ́rin, àwọn síníọ̀ tó ń ní àwọn fẹ́ ṣe ìyá fún un, á yọ sí ọmọ yín. Ẹ kó èyí tó máa tó o dé fisítìn àkọ́kọ́ nìkan, ẹ sì kọ́ ọ pé ó lè fún ọ̀rẹ́ lóúnjẹ tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa á láṣẹ pé kó gbé e wá, orúkọ ẹ̀ lẹ máa fẹ́ gbọ́.

Ìpele 4: Àìsàn, àti àwọn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń tijú láti sọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí. Àwọn òbí máa ń fi àìsàn ọmọ pamọ́ fún súkúù torí wọn ò fẹ́ kí wọ́n "fi orúkọ pè é" tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Ọmọ ló ń fi ara ẹ̀ sanwó ẹ̀.

Tó bá jẹ́ SS, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, mátírọ́ọ̀nù àti háòsì místírẹ́sì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe ẹnì kan. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, kò gbọ́dọ̀ fi omi tútù wẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ ìyà tó máa tán an lókun bíi kó máa gé oko nínú oòrùn tàbí kó máa sáré yí fííìdì ká. Oògùn ojoojúmọ́ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ibà ara lásán fún ọmọ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n máa ní "fún un ní Panadol kó lọ sùn", ọsibítù ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀, ẹ sì kọ orúkọ ọsibítù tẹ́ ẹ fẹ́.

Tó bá ní ásímà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ínhélà tó ń ṣí ọ̀nà èémí, èyí tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ara ọmọ ló gbọ́dọ̀ wà, nínú àpò ẹ̀, kódà lóru. Súkúù máa ń fẹ́ gba gbogbo oògùn kó o tì pa sí síkì bè, yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tára ẹ̀ ò yá, òfin dáa, ṣùgbọ́n ẹni tí èémí ń há láago mẹ́ta òru ò lè máa wá ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ gba ìyọ̀ǹda yẹn pẹ̀lú lẹ́tà dókítà kẹ́ẹ tó kúrò nínú ọgbà.

Ó kan títọ̀ sílé. Àwọn tó ń tọ̀ sílé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mọ́kànlá pọ̀ ju bẹ́ẹ ṣe rò lọ, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í ṣe èpè, nínà kan ò sì lè wò ó sàn. Kẹ́ẹ tó mú un lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ra rọ́bà tí wọ́n ń fi wé fóòmù, ẹ fún un ní bẹ́ẹ̀dìṣíìtì dúdú mẹ́ta, ẹ ní kí mátírọ́ọ̀nù fún un ní bọ́ńkì ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, kó jí i lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ sùn fúnra ẹ̀. Mo máa ń ṣe é fáwọn tèmi, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹlòmíì ò sì ní mọ̀. Ọmọ tí ò sí ẹni tó mọ̀, òun ni wọ́n máa gbé fóòmù lé lórí yípo ọgbà, mo ti gba irú fóòmù bẹ́ẹ̀ kúrò lórí ọmọ rí, ìtìjú yẹn kì í tètè tán lára wọn.

Ọmọbìnrin, kódà tí kò tíì rí nǹkan oṣù, ẹ fi páàdì sínú àpótí ẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ fi hàn án bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátá. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ́kọ́ rí i ní bọ́ọ̀dìn, tí wọ́n sì rò pé àwọn ń kú lọ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ má béèrè pé "Ṣó yé yín?" Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì sọ fún yín ohun tó máa ṣe tí àìsàn bá dé sọ́mọ lóru, kẹ́ẹ sì rí ibi tó kọ ọ́ sí nínú ìwé ẹ̀.

Ìpele 5: Ẹ fún ọmọ ní ẹnu

Ọmọ wa mọ "Ẹ kú àárọ̀ sà", ó mọ "Ẹ jọ̀ọ́ má bínú", ṣùgbọ́n a kì í kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kí wọ́n sì kọ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ kọ́ ọ ní àwọn gbólóhùn yìí, kó máa sọ ọ́ sókè:

- "Ẹ jọ̀ọ́ síníọ̀, mátírọ́ọ̀nù ló rán mi." Èyí máa yọ ọ́ kúrò níwájú ẹni tó ń dẹ́rù bà á, kó wá lọ bá mátírọ́ọ̀nù lóòótọ́.
- "Mi ò lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ má bínú." Kò sí síníọ̀, kò sí tíṣà, kò sí pásítọ̀ tàbí áfáà súkúù tó gbọ́dọ̀ bá a pín bẹ́ẹ̀dì tàbí fọwọ́ kan ojú ara ẹ̀. Ọmọkùnrin náà o. Àwọn òbí ọmọkùnrin máa ń fo ibí yìí, wọ́n rò pé ọmọbìnrin nìkan ni.
- "Mo fẹ́ pe màmá mi." Kó sọ ọ́ fún àgbàlagbà kejì tí ẹni àkọ́kọ́ ò bá dá a lóhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jọ ní kóòdù. Fóònù mátírọ́ọ̀nù ló máa fi pè yín, mátírọ́ọ̀nù á sì dúró tì í, kò lè sọ nǹkan tó wà lọ́kàn ẹ̀. Ẹ mú orúkọ kan tí kò sí nínú ẹbí yín rárá. Tó bá ti ní kẹ́ẹ bá òun kí ẹni yẹn, ẹ ti mọ̀ pé kẹ́ẹ máa bọ̀. Ẹ má fi í ṣeré, ẹ má sọ ọ́ fún àbúrò ẹ̀.

Kí ẹnì kan nínú súkúù náà mọ ọmọ yín lórúkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé, ẹ mú un lọ bá háòsì místírẹ́sì, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kẹ́ẹ sì sọ lójú ọmọ pé: "Ma, tó bá ní nǹkan tó ń dà á láàmú, ẹ̀yin ni mo ní kó wá bá." Ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì, ó ṣílẹ̀kùn fọ́mọ, ó sì jẹ́ kí tíṣà mọ̀ pé ẹ ń wò.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi eré dán an wò nílé. Kí ẹ̀gbọ́n kan ṣe síníọ̀, kó jágbe mọ́ ọn. Tó bá dákẹ́ tó ń wolẹ̀, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì.

Ìpele 6: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́

Ó máa sunkún. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le jù, lẹ́yìn pírẹ́ẹ̀pù, ìyẹn ìwé kíkà alẹ́, tí wọ́n bá ti paná, àti ọjọ́ Sọ́ńdè. Ó máa ní kẹ́ẹ wá mú òun lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń balẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá ti rí ọ̀rẹ́ kan.

Ẹ má ṣèlérí pé "Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, màá wá mú ẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ojoojúmọ́ láá máa ka ọjọ́, kò ní gbìyànjú láti ní ọ̀rẹ́. Ẹ má sì máa pè lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i, lẹ́tà bébà, tó ní ìròyìn ilé, ohun tí àbúrò ẹ̀ ṣe, ẹni tó wá kí yín. Wọ́n máa ń kà á lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì títí tó fi máa ya.

Ṣùgbọ́n àárò ilé àti ewu, wọn ò jọra. Ẹni tí àárò ilé ń ṣe máa ń sunkún lálẹ́ kó tó rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án, á dárúkọ ọmọ tó jókòó tì í, á ṣì jẹun. Ẹni tó wà nínú ewu máa ń dákẹ́ lójijì, tàbí kó máa bẹ yín láìsọ ìdí, tàbí kó máa wá síkì bè lójoojúmọ́ torí ibẹ̀ nìkan ni síníọ̀ kan ò lè dé. Tí nọ́ọ̀sì bá ní ọmọ yín ti ń wá jù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ béèrè ọjọ́ tó ń wá àti àkókò tó ń wá.

Ìpele 7: Ọjọ́ fisítìn

Ẹ má kó gbogbo ẹbí lọ. Tí àǹtí, bùọ̀dá, àti ará ṣọ́ọ̀ṣì bá yí i ká, tí gbogbo wọn ń ya fọ́tò, kò sí òótọ́ tó máa jáde. Kí ẹni méjì lọ, ẹni tọ́mọ máa ń sọ̀rọ̀ fún nílé sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ tó fẹ́ràn dání, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán kẹ́ẹ tó béèrè ohunkóhun, kẹ́ẹ sì máa wo bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹni tó ń jẹun bíi pé wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú un rìn lọ síbi tí kò séèyàn. Ẹ gbàgbé "Ṣé kò sí wàhálà?" Ìbéèrè tó ní orúkọ àti àkókò nínú ni kẹ́ẹ bi í:

- Ta ló ń sùn lókè bọ́ńkì ẹ? Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ?
- Aṣọ ta lo fọ̀ ní Sátidé tó kọjá?
- Kí lo jẹ lánàá lálẹ́? Ẹran ẹ ńkọ́, ta ló jẹ ẹ́?
- Wọ́n bá paná tán, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?
- Ta ni gbogbo júníọ̀ ń bẹ̀rù jù? (Ọmọ tí ò lè sọ tara ẹ̀ máa ń sọ ti "àwọn kan". Ẹ fetí sí "àwọn kan" yẹn dáadáa.)
- Níbo nínú súkúù ni o kì í fẹ́ dá lọ?

Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, ẹ má pariwo "Jésù!" tàbí "Astaghfirullah!", ẹ má dìde. Ó ń wo ojú yín. Tó bá rí i pé ẹ máa lọ jà báyìí, á gbé e mì.

Ara náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ ní kó bá yín dán aṣọ tuntun wò, ẹ wo ẹ̀yìn, itan, apá òkè, ẹ wo àárín ìka bóyá kúrúnà wà, ẹ wo orí bóyá làpálàpá ti ń jẹ ẹ́. Ẹ wo bàtà, ṣé tiẹ̀ ni? Ẹ kà nínú lọ́kà ẹ̀ ohun tó kù. Tí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, táwẹ̀ẹ̀lì àti bọ́kẹ́tì bá ti lọ lẹ́ẹ̀kan náà, "Ó sọnù ma" ò tó láti dáhùn.

*Àyẹ̀wò:* tẹ́ẹ bá ti ń padà sílé, ẹ lè dárúkọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, síníọ̀ tó ń bẹ̀rù kan, àti àgbàlagbà kan tó máa ń bá sọ̀rọ̀. Tí ìkankan bá ṣaláìsí, ẹ pe háòsì místírẹ́sì lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ìpele 8: Tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ má wọ họ́sítẹ́lì lọ gbá síníọ̀ létí. Ó ń ṣe wá bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin máa lọ sílé, ọmọ yín ló máa sùn síbẹ̀ lálẹ́. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ. Tí àpá bá wà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kí dókítà sì rí i lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá háòsì másítà tàbí místírẹ́sì lójúkojú, ẹ sì tún kọ lẹ́tà sí píríǹsípà, kẹ́ẹ gba kọ́pì tí wọ́n fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán máa ń di "a ti bá wọn wí". Ẹ béèrè ohun tó ṣe é rí: kí wọ́n yí bọ́ńkì padà, kí wọ́n gbé síníọ̀ yẹn kúrò ní dọ́mítìrì yẹn, kí wọ́n dá ẹrù padà.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n fi ipá bá a lò pọ̀ tàbí wọ́n fọwọ́ kan án níbi tí kò yẹ, ẹ má tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ tí mo kà sókè yẹn mọ́. Ẹ má wẹ̀ fún un, ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀, ẹ kó o sínú bébà, ọsibítù ìjọba ni kẹ́ẹ gbà lọ tààrà. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá ti yá tó ló dáa tó. L'Ékòó, Mirabel Centre wà ní LASUTH n'Íkẹjà látọdún 2013, wọ́n ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀, DSVA, náà wà. Ẹ lọ sí ọlọ́pàá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà látọdún 2003, Èkó ti fọwọ́ sí tiẹ̀ ní 2007. Píríǹsípà tó bá ní "Ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ nínú ilé, orúkọ súkúù ni", orúkọ súkúù ló ń rò. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan níwájú ẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tẹ́ẹ bá fẹjọ́ sùn, ẹ padà lọ láìsọ fún wọn ṣáájú, ẹ bi ọmọ ní ìbéèrè Ìpele 7 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Tẹ́ni tó ń fìyà jẹ ẹ́ bá ṣì ń sùn lókè bọ́ńkì ẹ̀, kò sí nǹkan tí wọ́n ṣe. Ẹ di àpótí ẹ̀, kẹ́ẹ mú un bọ̀ wálé lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ẹ máa bá súkúù sọ̀rọ̀ látilé.